Ọ̀rọ̀ orin Yorùbá ń sá kúrò lábẹ́ nóòtì lórí kọ̀ǹpútà mi: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Olùdarí Akọrin, Ìtòkú

Mo kí gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan ni mo ń darí nítòsí Ìtòkú níbí ní Abẹ́òkúta. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi ọwọ́ kọ orin sínú ìwé, tí mo sì ń gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, títí ìwé náà fi di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́ àfi èmi nìkan. Nígbà tó yá, mo gba MuseScore, ètò tí a fi ń kọ nóòtì orin, sórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ti mọ bí a ṣe ń to nóòtì sórí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ orin ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlà kan hàn yín. Mo kọ orin kan fún ìdúpẹ́ ìkórè wa, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni "Orí òkè la ti ń kọrin ìyìn." Nóòtì 11 ni mo tò fún un, bí a bá sì fi ẹnu kọ ọ́, ọ̀rọ̀ àti nóòtì bá ara wọn mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ nóòtì, lẹ́tà kan ṣẹ́kù tí kò rí ibi dúró, ó bá fò bọ́ sábẹ́ nóòtì àkọ́kọ́ ìlà kejì, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sì sún síwájú títí dé ìparí ẹsẹ náà. Báyìí ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́: O-rí ò-kè la tiń kọ-ri-n ì-yì-n.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àmì ohùn orí ẹ́ àti ọ́ kì í dúró sórí lẹ́tà wọn. Ó máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpótí òfìfo ni yóò jáde dípò lẹ́tà náà. Bákan náà, níbi tí a bá ti fa ọ̀rọ̀ kan kọjá lórí nóòtì mẹ́ta, n kò mọ ohun tí mo lè tẹ̀ tí ọ̀rọ̀ tó kàn kò fi ní sáré wá jókòó sábẹ́ nóòtì kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Atẹdùùrù, Ìbarà

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùdarí. Ìlà tí ẹ fi hàn wa yìí ṣe mí lóore, nítorí pé àṣìṣe mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Méjì nínú wọn ń fi kún sílébù, ìkẹta ń yọ ọ̀kan kúrò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́. Ká ní àṣìṣe ẹyọ kan lẹ ṣe ni, ẹ̀ bá ti tètè rí i. Àwọn tó ń tako ara wọn ni wọ́n máa ń fara pamọ́.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Sibelius, ètò mìíràn tí a fi ń kọ orin, bí àpẹẹrẹ, lè bá ẹni tó bá ń kọ orin Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Látìnì gé ọ̀rọ̀ sí sílébù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé Yorùbá fún un, bó ṣe ń gé ti àwọn ará ibòmíràn ni yóò ṣe gé tiwa, yóò sì bà á jẹ́. Ọwọ́ ara wa la fi ń gé e. Ọpẹ́ ni pé iṣẹ́ náà kò le, nítorí pé oríṣi sílébù mẹ́ta péré ni èdè wa ní: fáwẹ̀lì tó dá dúró, bí a ti rí i ní ìbẹ̀rẹ̀ "orí", kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú fáwẹ̀lì tó tẹ̀ lé e, bíi "rí" àti "kè", àti n tàbí m tó ń ru àmì ohùn tirẹ̀, tí àwọn olùkọ́ èdè ń pè ní aránmúpè aṣesílébù. Kò sí sílébù Yorùbá kankan tí kọ́ńsónáǹtì ń sé nídìí.

Orí n yìí gan-an ni ẹ ti ṣubú. N tó wà ní ìparí "kọrin" àti "ìyìn" kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì rárá. Ohun tó ń sọ fún wa ni pé kí a gba imú pe fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà, "rin" jẹ́ ẹyọ kan, "yìn" náà sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ ò gbọdọ̀ fún n náà ní nóòtì tirẹ̀. Ní òdìkejì ẹ̀wẹ̀, ń tó wà láàárín "ti" àti "kọrin" ń ru àmì ohùn òkè lórí ara rẹ̀, ẹ sì lè kọ ọ́ lórin kí ẹ fà á títí ẹ̀mí yín yóò fi tán láìsí fáwẹ̀lì kankan níbẹ̀. Nóòtì tirẹ̀ tọ́ sí i, ẹ̀yin sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí "ti". Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí: O-rí ò-kè la ti ń kọ-rin ì-yìn. Ẹ kà á, ẹ ó rí 11.

Ọ̀nà tí èmi fi ń dán an wò ni pé mo máa ń fi ìka lu tábìlì bí mo ti ń pe ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí àmì ohùn bá lè dúró sí, yálà ti òkè, ti ìsàlẹ̀ tàbí ti àárín tí a kì í kọ, ibẹ̀ ni ìka gbọ́dọ̀ bọ́ sí. "Aláǹgbá" yóò fún yín ní mẹ́rin: a-lá-ǹ-gbá. "Gógóńgò" náà yóò fún yín ní mẹ́rin: gó-gó-ń-gò. "Abẹ́òkúta" jẹ́ márùn-ún: A-bẹ́-ò-kú-ta. Ẹ má ṣe gé gb sí méjì láé, nítorí lẹ́tà kan ni. Mo ti rí i nínú ìwé kan tí wọ́n kọ "ọ̀g-bẹ́-ni", ẹni tó ń kọ ohùn áltò sì dúró, ó ń wò mí.

Fáwẹ̀lì tó bá tẹ̀ léra ni kí ẹ ṣọ́ra fún. "Dáadáa" jẹ́ sílébù mẹ́rin nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, dá-a-dá-a, ṣùgbọ́n bí ohùn orin bá fún un ní nóòtì méjì péré, ẹ kọ "dáa-dáa", kí ẹ jẹ́ kí akọrin fúnra rẹ̀ fa á. Ohùn orin ló ni ìpinnu níbẹ̀.

Tẹ́nọ̀, Panṣẹ́kẹ́

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa. Èmi yóò dá sí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì nìkan.

Nínú MuseScore, ẹ yan nóòtì àkọ́kọ́, ẹ tẹ Ctrl àti L pọ̀. Àpótí kékeré yóò ṣí lábẹ́ nóòtì náà. Bí ẹ bá ti kọ sílébù kan tán tí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀, ẹ tẹ Space, yóò gbé yín lọ sábẹ́ nóòtì tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tíì parí, ẹ tẹ dáàṣì dípò Space. Ètò náà yóò fúnra rẹ̀ fa dáàṣì náà sí àárín sílébù méjèèjì, yóò sì máa sún un bí àyè bá ti ń fẹ̀ sí i tàbí tó ń kéré sí i. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kọ dáàṣì kí ẹ tún wá fi Space tẹ̀ lé e.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí a fà lórí nóòtì mẹ́ta, ó ní ọ̀nà méjì. Bí ó bá jẹ́ sílébù ìparí ọ̀rọ̀ la fà, irú "yìn" tó wà nínú "ìyìn", ẹ kọ "yìn", lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Shift pẹ̀lú dáàṣì, ìyẹn ìlà ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún nóòtì kọ̀ọ̀kan tí ohùn náà gùn dé. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò fà jáde láti ẹ̀gbẹ́ "yìn" títí dé nóòtì ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ sílébù àárín ọ̀rọ̀ la fà, irú "ò" tó wà nínú "Abẹ́òkúta", dáàṣì lásán ni kí ẹ máa tẹ̀ léraléra títí ẹ ó fi dé ibi tí "kú" ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ẹ ó sì rí ìwé tí wọ́n fa ìlà ìsàlẹ̀ sí àárín ọ̀rọ̀, tí akọrin yóò wá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, tí yóò sì mí síbẹ̀.

Ẹ fẹ́ padà sẹ́yìn? Shift àti Space ni. Ẹ fẹ́ kọ ẹsẹ kejì? Ẹ padà sórí nóòtì àkọ́kọ́, kí ẹ tún tẹ Ctrl àti L. Nítorí pé ẹsẹ kìn-ín-ní ti wà níbẹ̀, ìlà kejì ni yóò ṣí fún yín.

Ẹni tó bá ń lo Sibelius, Ctrl àti L náà ni, ti ẹsẹ kejì sì jẹ́ Ctrl, Alt àti L. Shift àti L ni ti Dorico. Space àti dáàṣì ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú gbogbo wọn.

Olùdarí Akọrin, Ìtòkú

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́ gan-an. Mo fi ìka lu tábìlì títí ìyàwó mi fi bi mí pé ta ló ń kan ilẹ̀kùn. Mo ti rí i pé àṣìṣe kan náà ni mo ṣe ní ibi mẹ́fà nínú orin náà.

Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe lè tún gbogbo èyí tó ti sún síwájú ṣe láìtún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Àti pé, ní ibi tí ọ̀rọ̀ méjì bá ti bọ́ sábẹ́ nóòtì kan ṣoṣo, Space kò jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ kejì. Ó ti gbé mi lọ kí n tó mọ̀.

Tẹ́nọ̀, Panṣẹ́kẹ́

Ẹ di Ctrl mú kí ẹ tó tẹ Space, àlàfo lásán ni yóò fi sílẹ̀, kò ní gbé yín lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà Mac yóò di Option mú. Ọ̀nà yìí kan náà ni ẹ fi ń kọ nọ́ńbà ẹsẹ: ẹ kọ "1.", kí ẹ tẹ Ctrl àti Space, kí ẹ wá kọ sílébù àkọ́kọ́.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pa fáwẹ̀lì jẹ ni, ẹ kúkú kọ ọ́ bí a ti ń pè é. Bí "wá ilé" bá ti di "wálé" lẹ́nu akọrin, ẹ kọ "wá-lé", ọ̀ràn ti tán.

Ìyá Sopránò, Aké

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Èmi ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ orin ṣáájú kí MuseScore tó dé, Finale sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ná mi ní oorun púpọ̀.

Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kankan kí ohùn tó parí. Ọ̀rọ̀ orin kì í léfòó lójú ìwé lásán. Ara nóòtì ni ètò so ó mọ́. Bí ẹ bá pa nóòtì kan rẹ́ láti sọ ọ́ di ìsinmi, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò bá a lọ. Bí ẹ bá wá rò pé ẹ fẹ́ sọ nóòtì gígùn kan di kúkúrú méjì, ọ̀rọ̀ yóò wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ti èkejì yóò sì wà ní òfo. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi ẹnu kọ ọ́, kí ẹ tún nóòtì ṣe, kí ohun gbogbo fìdí múlẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan Ctrl àti L.

Ní ti èyí tó ti sún síwájú, ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń yan àwọn nóòtì tó wà láti ibi àṣìṣe títí dé ìparí, mo máa ń tẹ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn pẹ̀lú bọ́tìnnì ọ̀tún, mo sì máa ń yan Select, lẹ́yìn náà More, kí n fi àmì sí i pé ti inú àwọn tí mo yàn nìkan ni mo fẹ́. Nígbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò tàn láìsí nóòtì. Mo máa ń gé wọn pẹ̀lú Ctrl àti X, mo máa ń tẹ nóòtì tó yẹ kí àkọ́kọ́ wọn wà, mo sì máa ń lẹ̀ wọ́n síbẹ̀ pẹ̀lú Ctrl àti V. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀dà orin náà pamọ́ sí ibòmíràn kí ẹ tó dán an wò, nítorí ọwọ́ tí kò tíì mọ́ra máa ń gé nóòtì mọ́ ọ̀rọ̀.

Bí àṣìṣe bá pọ̀ jù, ọ̀nà kejì dára ju ìyẹn lọ. Nínú Tools, ẹ ó rí ibi tí ètò ti ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ orin jọ fún yín. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú ojú ìwé lásán, kí ẹ tún gbogbo dáàṣì ṣe níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ nínú orin, ẹ ṣe ẹ̀dà ti tuntun, ẹ yan nóòtì àkọ́kọ́, ẹ tẹ Ctrl àti L, kí ẹ wá máa tẹ Ctrl àti V léraléra. Sílébù kan ni yóò máa bọ́ sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dà bíi pé èèyàn ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní orin nínú Finale, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni MakeMusic, ilé iṣẹ́ tó ni ín, kéde pé àwọn kò ní tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 35. Nígbà tó ṣì ń ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kó gbogbo orin yín jáde ní MusicXML, irú fáìlì tí àwọn ètò orin mìíràn lè ṣí. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ orin lọ pẹ̀lú nóòtì, ó sì mọ sílébù tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó parí rẹ̀, tí dáàṣì kò fi ní sọnù. Èmi kó tèmi lọ, ohun tó bàjẹ́ kò ju ìwọ̀n fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà) lọ.

Atẹ̀wé, Kútọ̀

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé àwọn akọrin máa ń gbé irú iṣẹ́ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, a sì ti jìyà rẹ̀ tó.

Kí lẹ́tà kan tó lè hàn, ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Á ní tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀, kódà ń àti ǹ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ́ kò ní, àti ẹ̀ àti ọ̀, àti m̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n, tí fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbé lé ara wọn bí ẹní fi fìlà dé orí. Fọ́ǹtì tí wọn kò kọ́ níṣẹ́ yìí yóò gbé fìlà náà lé èjìká. Ìdí nìyẹn tí á fi dára lójú yín tí ẹ́ kò sì dára, nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ gba Charis SIL, Gentium tàbí Noto Serif sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì mọ fìlà dé. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí Format, Style, Text Styles nínú MuseScore. Ẹ ó rí ibi méjì tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ orin: ọ̀kan wà fún ìlà 1, 3, 5, èkejì sì wà fún ìlà 2, 4, 6. Àwọn méjèèjì ni kí ẹ yí fọ́ǹtì wọn padà. Bí ẹ bá yí ọ̀kan nìkan, ẹsẹ kejì yóò máa yẹ fìlà síbẹ̀, ẹ ó sì rò pé fọ́ǹtì náà ni kò dára.

Nínú Style kan náà, ẹ wá ojú ìwé Lyrics. Àlàfo tí wọ́n fi sáàárín ìlà kan àti èkejì níbẹ̀ tó fún èdè tí kò ní àmì. Tiwa ní àmì lókè, ó tún ní àmì nísàlẹ̀, nítorí náà, ìdí ọ ti ẹsẹ kìn-ín-ní máa ń kan orí ọ́ ti ẹsẹ kejì. Ẹ fi díẹ̀ kún gíga ìlà náà, kí ẹ sì fi díẹ̀ kún àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti stáàfù (ìlà márùn-ún tí a ń to nóòtì sí), pàápàá bí ohùn báàsì bá ń lọ sísàlẹ̀ gan-an.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ẹ bá dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí láti inú fáìlì ìwé orin àtijọ́. Àwọn kan lo ẹ tó ní àmì róbótó nídìí, àwọn mìíràn lo èyí tó ní ìlà kúkúrú tó dúró ṣánṣán nídìí, bí àwọn ìwé ìgbà kan ti ń ṣe. Lójú, wọ́n jọra. Lórí ìwé títẹ̀, bí méjèèjì bá dà pọ̀, ojú ìwé yóò rí wúruwùru. Ẹ yan ọ̀kan.

Lákòótán, PDF ni kí ẹ gbé wá fún wa, ẹ má ṣe gbé fáìlì MuseScore gan-an wá. Fọ́ǹtì yín kò sí lórí ẹ̀rọ wa, àmọ́ PDF ń gbé e dání.

Olùdarí Akọrin, Ìtòkú

Charis ti tún fìlà dé. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìṣòro kékeré kan tún yọjú: àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá tí mo ń lò ní kí n di Alt ọ̀tún mú kí n tó rí ẹ àti ọ, nígbà mìíràn sì rèé, MuseScore máa ń rò pé àṣẹ ni mo ń pa fún òun, ohun mìíràn ni yóò sì ṣẹlẹ̀.

Tẹ́nọ̀, Panṣẹ́kẹ́

Lórí Windows, Alt ọ̀tún àti Ctrl pẹ̀lú Alt, ohun kan náà ni wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yáa lọ gba ọ̀nà tí Ìyá wa ní Aké júwe: ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin síbòmíràn pẹ̀lú dáàṣì àti àlàfo tó péye, kí ẹ wá máa fi Ctrl àti V sọ ọ́ sílẹ̀. Èmi máa ń tẹ tèmi sórí fóònù pẹ̀lú Gboard, tó ní Yorùbá nínú, mo sì máa ń fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp. Bí wọ́n bá mú iná lọ, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ń lọ lórí fóònù.

Nípa iná, ẹ lọ sínú Preferences kí ẹ ní kí ètò máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì méjì.

Báàsì Àgbà, Lafẹnwa

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Ǹjẹ́ gbogbo wàhálà àmì ohùn yìí tilẹ̀ pọn dandan? Ìwé orin tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà kò fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, a sì kọ orin inú rẹ̀ láìṣìnà. Ojú tèmi ò tó láti máa wo fìlà àti bàtà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́.

Atẹdùùrù, Ìbarà

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n orin tí ẹ mọ̀ láti kékeré ni ẹ ń kọ nígbà náà, ìwé kàn ń rán yín létí ni. Orin tuntun ni olùdarí wa kọ. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn ló ń sọ fún wa bóyá ọkọ ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀. Nínú orin, nóòtì ti gba ipò ohùn yẹn. Bí nóòtì méjèèjì bá wà ní ipele kan náà, akọrin kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni tàbí ọkọ́ oko, àfi àmì tó wà lórí ìwé. Ó tún ràn mí lọ́wọ́ ní ọ̀nà mìíràn: nígbà tí mo bá ti tẹ àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tán, mo máa ń wo àmì àti nóòtì pọ̀, ibi tí àmì bá ti ń gòkè tí nóòtì sì ń sọ̀ kalẹ̀ yóò hàn sí mi gbangba, mo lè tún ohùn orin ṣe kí wọ́n tó fi rẹ́rìn-ín nínú ìjọ.

Àti pé, bàbá mi, ìlú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn Yorùbá ayé àtijọ́, ní ọdún 1859 la wà yìí. Kò yẹ kí a máa tẹ Yorùbá ààbọ̀.

Báàsì Àgbà, Lafẹnwa

Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí ó tóbi, ṣáà.

Atẹ̀wé, Kútọ̀

Bàbá, tóbi náà ní iye tó ń gbà. Ọ̀rọ̀ ló ń ti nóòtì síra, nítorí náà, bí fọ́ǹtì bá ti tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni bar (ìpín orin) tó lè wọ ìlà kan yóò máa dín kù, tí orin ojú ìwé méjì yóò fi di mẹ́ta. Kí olùdarí lo ìwọ̀n 11 fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì tẹ ẹ̀dà tiyín sórí A3.

Olùdarí Akọrin, Ìtòkú

A ti kọ ọ́ láti ojú ìwé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ní ìlà àkọ́kọ́, ń jókòó sábẹ́ nóòtì keje láìṣe wàhálà, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó mí sí àárín "Abẹ́òkúta". Ṣùgbọ́n àwọn báàsì mi gbé ìwé náà wò, wọ́n ní àwọn kò ka stáàfù, sófà, ìyẹn orin tí a fi lẹ́tà d, r, m kọ, ni àwọn mọ̀. Ṣé kí n padà sí ìwé ọwọ́ nítorí tiwọn ni?

Ìyá Sopránò, Aké

Ẹ má ṣe padà síbì kankan. Ẹ tẹ sófà bí ẹni tẹ ọ̀rọ̀ orin. Ẹ yan nóòtì àkọ́kọ́ báàsì, ẹ tẹ Ctrl àti L, kí ẹ kọ d, r, m bí ó ti tọ́, pẹ̀lú Space láàárín wọn. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ yan gbogbo ìlà sófà náà, kí ẹ tẹ X. Yóò fò lọ sókè stáàfù, ọ̀rọ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Ìlà kékeré tó ń fi hàn pé ohùn wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ni kí ẹ fi àmì ìfàyọ (') àti kọ́mà (,) ṣe. Ibi tí sófà bá ti nílò dáàṣì láti fi hàn pé ohùn ń gùn, ẹ má ṣe tẹ dáàṣì kúkúrú, nítorí ètò yóò rò pé sílébù ni ẹ ń gé. Ẹ dà dáàṣì gígùn kọ láti inú ìwé mìíràn, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ohùn báàsì nìkan ni kí ẹ ṣe é fún. Bí sopránò bá rí i, àwọn náà yóò bèèrè tiwọn.